Orí Kẹrin: Láfún, Ewédú àti Ìṣọ́wóná Nínú Ilé Ẹ̀gbá

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó bá gba ọ̀nà abúlé jáde ní Abẹ́òkúta, bóyá ó forí lé Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀ àti Òdẹ́dá tàbí ó kọrí sí apá Ìmálà, kò ní í pẹ́ tí yóò fi rí ohun funfun tí wọ́n sá sórí àpáta. Àlejò lè rò pé aṣọ ni. Ẹ̀gẹ́ ni, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní pákí tàbí gbágùúdá. Wọ́n ti bó o, wọ́n ti rẹ ẹ́ sómi títí ó fi rọ̀, wọ́n ti fún omi rẹ̀ dànù, ó wá ku ti oòrùn. Bó bá gbẹ tán, wọn á gbé e lọ sílé ọlọ, á sì di láfún. Ìlú tó ń jẹ́ Abẹ́ Òkúta, orí òkúta ló ti ń sá oúnjẹ rẹ̀.

Ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá sá wá sábẹ́ àpáta Olúmọ, tí Ṣódẹkẹ́ ṣíwájú wọn, tí ogun sì ń lé wọn bọ̀. Ẹ̀gẹ́ náà kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa látilẹ̀wá. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, àwọn Potogí ló sì gbé e gba orí òkun dé etíkun Áfíríkà. Láti ọdún 1839 ni àwọn Sàró, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n tú sílẹ̀ lóko ẹrú tí wọ́n sì ti gbé ní Sàró (Sierra Leone), ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sí Abẹ́òkúta. Àwọn Àgùdà náà ń ti Brazil dé. Ọwọ́ irú àwọn tó padà wálé báyìí wà lára ohun tó mú kí ọgbọ́n sísọ ẹ̀gẹ́ di gàrí tàn kálẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá sọ pé láfún ni oúnjẹ Ẹ̀gbá, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ìrìn àjò gígùn ló wà lẹ́yìn òkèlè yẹn.

A fi láfún bẹ̀rẹ̀ orí yìí nítorí pé òun ló fi ohun tí à ń pè ní ìṣọ́wóná hàn wá jù. Púpọ̀ nínú ohun tí owó ìbá ṣe nínú ìkòkò, omi, oòrùn, àkókò àti ọwọ́ tó mọṣẹ́ lè bá wa ṣe é.

Ìṣọ́wóná àti ahun

Kí a tó wọ ilé ìdáná, ẹ jẹ́ kí a ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Ahun ní, ó sì fi í du ara rẹ̀ àti ẹlòmíràn. Ẹni tó ń ṣọ́wó ná kò fi oúnjẹ du ẹnikẹ́ni, ó ti ro ti ọ̀la mọ́ ti òní ni. Àwọn baba wa ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àgbà tó pa oúnjẹ inú àwo run, tí kò rántí pé àwọn ọmọdé ń dúró de ìyókù, kò ní í rí ọmọ tí yóò bá a ru ẹrù. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ìwẹ̀yìn ni wọ́n fi ń wọn ọgbọ́n oúnjẹ. Ẹni tó ń ṣọ́ oúnjẹ lò, ojú ẹni tó kù lẹ́yìn ló ń wò.

Òwe kejì tí a máa ń gbọ́ ni pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. N kò ní í jiyàn pé irọ́ ni. Ẹni tó bá fi ẹran gidi àti epo tó mọ́ sebẹ̀, ọbẹ̀ rẹ̀ á dùn. Àmọ́ mo ti jẹ ọbẹ̀ olówó tí kò lórí tí kò nídìí, mo sì ti jẹ ilá aláìlẹ́ran ní àgbàlá kan ní Aké, irú àti edé nìkan ló wà nínú rẹ̀, tí gbogbo wa fi ìka lá àwo. Owó wà lára ohun tó ń pa ọbẹ̀, òun nìkan kọ́.

Bí láfún ṣe ń di láfún

Ẹ̀gẹ́ kì í dúró. Bí a bá ti fà á tu, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú nínú. Ẹni tó ní oko ẹ̀gẹ́ kò lè kó o jọ sínú àká bí ẹni kó àgbàdo. Bó bá di láfún tó gbẹ dáadáa, a lè tọ́jú rẹ̀ fún oṣù púpọ̀ níbi tí ọ̀rinrin kò dé. Èyí ni èrè àkọ́kọ́: ohun tí ìbá bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ti di oúnjẹ ìgbà ọ̀wọ́n.

A ó bó èèpo rẹ̀, a ó fọ̀ ọ́, a ó gé e bó bá tóbi, a ó sì rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Bí ojú ọjọ́ bá tutù, ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí aago tó ń sọ fún obìnrin abúlé pé ó ti tó. Ìka rẹ̀ ló ń sọ fún un. Bó bá tẹ ẹ̀gẹ́ náà tó sì fọ́ lábẹ́ ìka, ó ti rẹ̀ nìyẹn. Á yọ okùn tó wà láàárín rẹ̀, á fún un, á fọ́ ọ wẹ́wẹ́, á sì sá a. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àpáta tí oòrùn ti yan láti àárọ̀ a máa gbẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀ bí oòrùn ṣe ń gbẹ ẹ́ láti òkè. Ṣùgbọ́n kí àpáta náà mọ́. Ẹ̀bá títì tí ọkọ̀ ń gbà kò dára fún sísá oúnjẹ, nítorí eruku àti èéfín ọkọ̀ ni yóò bá a wọ ilé ọlọ.

Ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá wà nínú omi. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí ń mú un rọ̀, wọ́n sì ń mú un kan díẹ̀díẹ̀, ìkan yìí ni a ń gbọ́ lẹ́nu nígbà tí a bá ń jẹ láfún. Èkejì ni pé májèlé ń jáde kúrò lára rẹ̀. Gbogbo ẹ̀gẹ́ ló ní èròjà kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní linamarin, ẹ̀gẹ́ kíkorò ló sì ní in jù. Bí ẹ̀gẹ́ bá ń rọ̀, èròjà náà á fọ́, á sì tú sáyánáìdì sílẹ̀. Sáyánáìdì yìí a máa bá omi lọ, ìyókù a sì máa bá atẹ́gùn lọ nígbà tí a bá ń sá a àti nígbà tí a bá ń rò ó lórí iná. Májèlé gidi ni. Ẹni tó bá yọ ẹ̀gẹ́ kúrò lómi ní ọjọ́ kìíní nítorí pé ọjà ń yá, májèlé ló fi sílẹ̀ nínú oúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ.

Ní Kóńgò àti ní Mozambique, àìsàn kan wà tó ń jẹ́ konzo. Ó máa ń mú ẹsẹ̀ gan lójijì, ọmọdé àti obìnrin ló sì ń bá jà jù. Ìgbà ọ̀dá àti ìgbà ogun ló máa ń wọ́pọ̀, nígbà tí ebi kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn ní sùúrù láti rẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò títí yóò fi tó, tí wọn kò sì rí nǹkan mìíràn jẹ mọ́ ọn. Nílé wa níhìn-ín, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí ní àgbègbè Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀pẹ́ ní àwọn ọdún 1960 lórí àìsàn iṣan kan tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ranlẹ̀ dáadáa, tó sì ń ba ojú àti etí jẹ́. Ó so ó mọ́ jíjẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́ láìsí oúnjẹ gidi mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nítorí èyí ni a ṣe ń tẹnu mọ́ ọn pé láfún kò gbọdọ̀ dá jókòó sínú àwo. Nínú gíráàmù 100 ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́, èròjà amúaradàgbà tó wà níbẹ̀ kò ju gíráàmù 2 tàbí 3 lọ. Nínú gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ, ó tó 22 tàbí kó lé díẹ̀. Láfún ń fún wa lágbára láti ṣiṣẹ́ oko. Ohun tí ọmọ fi ń ga, tí egbò fi ń jinná, ibòmíràn ni a ó ti wá a.

Ohun tí a fi ń jẹ ẹ́

Ríro láfún kò le. Omi á hó, a ó máa da ìyẹ̀fun sí i díẹ̀díẹ̀, a ó sì máa fi orógùn rò ó. Ẹni tó bá dà á sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kókó ni yóò máa bá pàdé nínú òkèlè. Lẹ́yìn náà a ó wọ́n omi gbígbóná sí i, a ó dé e kó jinná, a ó sì tún un rò.

Ewédú ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Omi díẹ̀ la ó gbé kaná, ewé tí a ti já tí a sì ti fọ̀ á wọlé, irú á tẹ̀lé e, a ó fi ìjábẹ̀ já a títí yóò fi fà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti pọ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ ìdílé a máa fi kán-ún sí i kó lè tètè yọ̀. Kán-ún bíńtín kò pa ewédú lára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ìkòkò ẹ̀wà ọ̀rọ̀ yàtọ̀, nítorí kán-ún a máa ba fítámì B1 jẹ́, ẹ̀wà sì wà lára ibi tí a ti ń rí fítámì náà. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, èbòlò, ewúro: gbogbo wọn ló ń hù lẹ́yìnkùlé ẹni tó bá da ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Abọ́ tó ti fọ́ nídìí tó fún omi láti máa jò, a lè gbin gbúre sínú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Irú ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí jù. Hóró èso igi irúgbá ni wọ́n ń sè fún wákàtí púpọ̀, wọn á bó o, wọn á tún sè é, wọn á bò ó mọ́lẹ̀ níbi tó móoru fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ohun tó jáde níbẹ̀ ní èròjà amúaradàgbà àti ọ̀rá, ó sì ní òórùn tó ń ṣe iṣẹ́ ẹran nínú ọbẹ̀. Ẹni tó bá mọ irú lò lè dín ẹran kù kí àwọn tó ń jẹun má sì fura. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ilé ti fi irú sílẹ̀ nítorí òórùn rẹ̀, tí wọ́n wá ń da kúùbù méjì, mẹ́ta sínú ìkòkò kan. Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú kúùbù, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá àwọn òbí wa fínra.

Ẹja ṣáwá, edé àti pọ̀nmọ́ náà ń wọ ọbẹ̀ ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Àwọn kan ń tàbùkù pọ̀nmọ́ pé kò ní nǹkan kan nínú. Ó ní díẹ̀, ṣùgbọ́n èròjà rẹ̀ kò pé tó ti ẹja. Nítorí náà, bí owó bá mọ níwọ̀n, ẹja wẹ́wẹ́ tí a lè rún teegunteegun sàn ju pọ̀nmọ́ ńlá lọ.

Ọgbọ́n ìdápọ̀

Àwọn ìyá wa kò lọ sílé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀kọ àti àkàrà bára wọn mu. Èròjà amúaradàgbà dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn: oríṣiríṣi ìlẹ̀kẹ̀ ló ń para pọ̀, bí oríṣi kan bá sì kù, okùn náà kò ní í pé. Àgbàdo kò ní ìlẹ̀kẹ̀ tó ń jẹ́ lysine tó. Ẹ̀wà ní in yanturu. Ẹ̀wà kò ní methionine tó, àgbàdo sì ń fi tirẹ̀ kún un. Ẹ wá wo oúnjẹ wa: ògì àti àkàrà láàárọ̀, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, àdàlú tí ẹ̀wà àti àgbàdo ti jọ wà nínú ìkòkò kan. Nígbà tí àgbàdo tuntun bá jáde, àdàlú oníkòkò kan lè bọ́ ilé odindi, láìsí ẹran rárá, kí ara ọmọ sì rí ohun tó ń wá.

Wọlé Ṣóyínká, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1934, kọ ìwé nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní Aké, ìwé náà sì jáde ní ọdún 1981. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló sọ ọ́ di Yorùbá. Ibi tó wù mí jù níbẹ̀ ni ibi tó ti ń rántí àwọn olóúnjẹ ojú ọ̀nà àti òórùn oúnjẹ wọn. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí ìwé náà ka ibẹ̀, kí wọ́n sì ka iye oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀wà àti àgbàdo ṣe.

Ohun tí àwọn ènìyàn ń dà nù náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Omidùn orí ògì ni wọ́n fi ń rẹ àgbo. Èèrí ògì, ewúrẹ́ a máa jẹ ẹ́. Iṣu tó kù lánàá lè di dùndú láàárọ̀ yìí. Ọbẹ̀ kàsì kò burú, ní pàtàkì bí a bá gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ títí tó fi hó, nítorí ọbẹ̀ tó lọ́ wọ́rọ́ ni àwọn kòkòrò àìrí ń fẹ́ràn jù.

Iná

Láyé àtijọ́, igi ìdáná wà nínú oko, ẹnikẹ́ni kì í kà á mọ́ owó oúnjẹ. Lónìí, gáàsì, kẹrosíìnì àti èédú wà lára ohun tó ń jẹ owó ilé jù, nígbà mìíràn iná tí a fi se ẹ̀wà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbówó lórí tó ẹ̀wà fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà kìíní láti dín in kù ni pé kí a rẹ ẹ̀wà mọ́jú. Omi tí a fi rẹ ẹ́, a ó dà á nù, èyí sì máa ń dín afẹ́fẹ́ tó ń kún inú ẹni kù. Ọ̀nà kejì kò le: ẹ dé ìkòkò. Ìkòkò tí a ṣí sílẹ̀ ń fi ooru fún ilé ìdáná dípò ẹ̀wà. Ọ̀nà kẹta ni mo ti dán wò, ó sì yà mí lẹ́nu bó ṣe ṣiṣẹ́ tó. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà tí a ti rẹ hó dáadáa fún bí ìṣẹ́jú 15, ẹ dé e pinpin, ẹ gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ tí ẹ ti tẹ́ aṣọ àtijọ́ sí yíká, ẹ fi aṣọ bo orí rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ ó rí i pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná láìsí iná. Kí a tún gbé e kaná kó hó kí a tó jẹ ẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àpótí tí wọ́n fi koríko gbígbẹ kún ni wọ́n ń lò bẹ́ẹ̀.

Ọjà

Ọjà pọ̀ ní Abẹ́òkúta: Kútò, Láfẹ́nwá, Ìtòkú, Ọmídá. Ọjà ọrọọrún tún wà ní àwọn abúlé, ibi tí àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń gbé ẹrù wá. Owó ọkọ̀ lè gba gbogbo èrè tí ẹnìkan ṣoṣo bá rí lọ́jà abúlé. Bí ìdílé mẹ́rin bá dá owó jọ, tí ẹnìkan lọ ra àpò ẹ̀wà kan wá tí wọ́n sì pín in, ọ̀rọ̀ yí padà. Àjọ tí a ń dá fún aṣọ ẹbí, a lè dá a fún oúnjẹ náà.

Ẹ wo kóńgò kí ẹ tó sanwó. Kóńgò kan kò bá èkejì dọ́gba, àwọn mìíràn ti tẹ ìdí tiwọn wọlé. Ẹni tó bá ní dérìcà tirẹ̀ nílé, kó wọn ohun tó rà bó bá délé, kó lè mọ ọlọ́jà tó yẹ kó padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìgbà ni olùkọ́ tó dára jù lọ́jà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, kòkòrò Tuta absoluta run oko tòmátì ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná, tòmátì sì di wúrà káàkiri Nàìjíríà. Ilé tó mọ ilá, ewédú àti ẹ̀fọ́ sè kò fi bẹ́ẹ̀ jìyà, nítorí ata rodo díẹ̀ ló tó fún wọn. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020 tí ìjọba ti ẹnubodè pa, ìrẹsì òkèèrè wọ́n gógó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnubodè Ìdí-Ìrókò wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa. Ìrẹsì Ọ̀fàdà, tí wọ́n fi orúkọ ìlú kan ní Ọbáfẹ́mi-Owódé pè, kò sí fún gbogbo ènìyàn lójoojúmọ́, torí owó rẹ̀ kò kéré. A ń jẹ ẹ́ ní ọjọ́ ọlọ́jọ́.

Ẹ̀wà tí a rà púpọ̀, kòkòrò ni ọ̀tá rẹ̀. Àwọn oníṣòwò kan ń da oògùn apakòkòrò Sniper sí ẹ̀wà, NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, sì ti kìlọ̀ léraléra pé èèwọ̀ ni. Ẹ̀wà tó gbẹ dáadáa tí a rọ sínú kẹ́ẹ̀gì tí a sì dé e pinpin, kòkòrò inú rẹ̀ kò ní í rí afẹ́fẹ́ mí, á kú fúnra rẹ̀.

Ibi tí agbára ilé ìdáná mọ

Ohun kan ń bẹ tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí a bá ní àkókò àti ọwọ́ ń ṣe iṣẹ́ owó, ọwọ́ ta ni? Obìnrin àti ọmọbìnrin ló ń bó ẹ̀gẹ́, tó ń pọn omi, tó ń fẹ́ iná. Bí ọmọkùnrin inú ilé kò bá mọ bí a ṣe ń rẹ ẹ̀wà, a jẹ́ pé ilé náà ti kó gbogbo ìṣọ́wóná rẹ̀ lé ẹ̀yìn ẹnìkan. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọkùnrin tó ń ka orí yìí ro láfún kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Ìyà mìíràn tún wà tí orógùn kò lè rò. Láti ọdún 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lọ́tọ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba fi òté lé iye tí wọn yóò máa ta oúnjẹ, àwọn agbófinró sì ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà. Àwọn obìnrin wọ̀nyí mọ owó ṣọ́ ná ju ẹnikẹ́ni lọ, síbẹ̀ ìṣọ́wóná wọn kò lè dá ìrẹsì tí wọ́n gbà padà. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ wọn rò, ní ọdún 1946 ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, Abeokuta Women's Union. Ní òpin ọdún 1947, obìnrin lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún rọ́ lọ sí ààfin Aké, wọ́n sì sun ibẹ̀ mọ́jú. Ní ọdún 1948 wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, nígbà tó sì di oṣù Kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí oyè sílẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 1950 ló tó padà.

Nígbà tiwa náà, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún Nàìjíríà, NBS, kéde pé ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, oúnjẹ fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju bó ṣe wà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 lọ. Kí ìtumọ̀ rẹ̀ lè yé wa: ohun tí a fi náírà 1,000 rà nígbà yẹn, a ní láti mú náírà 1,408 àti kọ́bọ̀ 70 wá kí a tó lè rà á lẹ́yìn ọdún kan. Bí owó oṣù bàbá tàbí ìyá kò bá kúrò lójú kan, ìdílé náà ti pàdánù bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá oúnjẹ tí owó yẹn ń rà. Rírẹ ẹ̀wà mọ́jú lè dá díẹ̀ padà nínú rẹ̀. Kò lè dá gbogbo rẹ̀ padà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ìyá ilé pé àìmọ̀ọ́ṣe rẹ̀ ló fa ebi.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Wọn dérìcà ẹ̀wà méjì tó dọ́gba. Rẹ ọ̀kan mọ́jú, má rẹ èkejì. Sè wọ́n nínú ìkòkò tó jọra lórí iná tó jọra, kí o sì kọ iye ìṣẹ́jú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà sílẹ̀. Bí o bá mọ iye tí gáàsì tàbí èédú jẹ́ ní àdúgbò rẹ, ṣírò iye owó tí o fi pamọ́.

2. Kọ gbogbo ohun tí wọ́n jẹ nílé yín fún ọjọ́ mẹ́ta. Fa ìlà sábẹ́ ibi tí àgbàdo àti ẹ̀wà ti pàdé, tàbí tí ẹja tàbí ẹ̀wà ti bá láfún, ẹ̀bà tàbí fùfú jókòó. Bí ìlà kò bá sí ní ọjọ́ kan, kí ni o lè fi kún un tí owó rẹ̀ kò ní í pọ̀?

3. Lọ sí ọjà méjì kí o sì ra kóńgò gàrí kan níbi kọ̀ọ̀kan. Fi òṣùwọ̀n ilé ìwé wọn wọ́n. Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín wọn?

4. Bi àgbà obìnrin kan nínú ẹbí rẹ léèrè bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ ti rẹ̀ tó nínú omi. Kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde, ní ẹ̀ka èdè Ẹ̀gbá bí ó bá fi í sọ ọ́, kí o sì mú un wá sí kíláàsì.